Náírà Ni Ká Fi Ka Gbèsè Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Nọ́ọ̀sì

Láti Sábó Ọ̀yọ́ dé Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, bí èsì JAMB bá ti jáde, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ọmọ lágbájá wà ní London, ó ń fowó ránṣẹ́ sílé, ó ti ra ilẹ̀. Bí iléèwé bá wá pe owó, bó ti wù kó pọ̀ tó, wọ́n á ní owó oṣù díẹ̀ péré nílùú òyìnbó ni. Ìṣirò yìí ni mo fẹ́ ta kò. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, n kò sì ní sọ fún ọmọ ẹnikẹ́ni pé kó má ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé owó tí nọ́ọ̀sì ń gbà nílé níbí, ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ló yẹ ká fi díwọ̀n gbèsè tí a ó jẹ lórí ẹ̀kọ́ rẹ̀, torí inú owó yẹn la ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan tó fi ṣe àpẹẹrẹ. LAUTECH, tó di ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan láti ọdún 2020, ń kọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ìlú kan náà ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen wà, èyí tó jogún iṣẹ́ ìṣègùn tí ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907, Bowen náà sì ń kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ oyè náà, àjọ kan náà, NMCN tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, ló sì ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni owó. Ọmọ LAUTECH lè yáwó lọ́wọ́ NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, lábẹ́ òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin 2024. Ọmọ Bowen kò lè yá a, torí iléèwé ìjọba nìkan ni ètò náà wà fún. Owó NELFUND kò ní èlé. Iléèwé gan-an ni wọ́n ń san owó iléèwé fún, wọ́n sì ń fi ₦20,000 lóṣù kún un fún oúnjẹ àti bùkátà ọmọ. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ kí sísan tó bẹ̀rẹ̀, ìdá mẹ́wàá owó oṣù ni agbanisíṣẹ́ yóò sì máa yọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀bùn ni ₦20,000 yẹn o. Gbèsè lòun náà.

Ká ní nọ́ọ̀sì tuntun ń gba ₦200,000 lóṣù. Iye àpẹẹrẹ ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké nígboro, ẹni tó bá rí i gbà dúpẹ́. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Bí gbogbo ohun tó yá bá jẹ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀, yóò san án tán ní ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta. Ìyẹn ṣeé fara dà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n yá fún iléèwé aládàáni fún ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù méje àbọ̀ nìyẹn. Bí a bá ń yọ ₦20,000 kan náà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti oṣù mẹ́ta ni yóò gbà, a kò sì tíì ka èlé. Ta ló sì fẹ́ yá ni nírú owó bẹ́ẹ̀ láìgba èlé? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá wà lọ́jà kì í sábà yá èèyàn ju ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́ lọ. Bó bá tán níbẹ̀, ó ku kí wọ́n ta ilẹ̀, tàbí kí wọ́n gba owó sọgúndogójì. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún èlé, owó gan-an sì wà bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé tó ń fi èrè ọjà san èlé lóṣooṣù rí.

Wọ́n á ní, ṣebí torí ẹ̀ ni ọmọ ṣe fẹ́ lọ sókè òkun. Owó ibẹ̀ kì í ṣe irọ́: nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, ní England gba £31,049 lọ́dún ní 2025 sí 2026. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún márùn-ún ní fáfitì, ọdún kan wà fún kíkọ́ṣẹ́ sí i nílé ìwòsàn, ọdún kan wà fún àgùnbánirọ̀. Ní oṣù Kejì 2024, NMCN tún ní òun kò ní jẹ́rìí sí ìwé ẹnikẹ́ni fún ilẹ̀ òkèèrè àyàfi tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn lórí rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ti fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn agbanisíṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ wá kó òṣìṣẹ́ ìlera níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé béèrè lè rí iṣẹ́. Ọwọ́ ìjọba méjì ni ọ̀rọ̀ yìí wà, kò sí lọ́wọ́ òbí, ẹni tó yáni lówó kò sì ní dúró de èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti tọ́ gbèsè yìí wò. Ní 2017, wọ́n gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní England, wọ́n ní kí wọ́n lọ yáwó. Àwọn tó ń béèrè fún ẹ̀kọ́ náà dín kù, nígbà tó sì di 2020, ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ó kéré tán £5,000 lọ́dún tí wọn kò ní dá padà. Síbẹ̀, níbẹ̀, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá tó iye kan kì í san kọ́bọ̀ nínú gbèsè rẹ̀. Olówó sọgúndogójì kò mọ̀yẹn.

Àtakò tó lágbára jù lójú mi ni ti ìyanṣẹ́lódì. Oṣù mẹ́jọ ni ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ fáfitì ìjọba, fi wà nílé ní 2022, òbí tó bá sì torí rẹ̀ sá lọ sí iléèwé aládàáni kò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká díwọ̀n ìyẹn náà. Oṣù mẹ́jọ tí ọmọ fi pẹ́ kó tó dẹ́nu iṣẹ́, ní ₦200,000 lóṣù, jẹ́ mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún. Kó tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì tó mílíọ̀nù mẹ́fà tó wà láàárín gbèsè méjèèjì tí mo kà lókè. Ẹni tó bá lè san owó Bowen láti àpò ara rẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yá a ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ àánú kì í ṣe ohun tí à ń fi owó wọ̀n. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí gbèsè ń lé kiri, tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn kan bọ́ sí iṣẹ́ òwúrọ̀ ní òmíràn, aláìsàn tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ni yóò jẹ nínú àárẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí òbí kì í sábà béèrè. NMCN ló ń sọ iye ọmọ tí iléèwé kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún, òun náà ló sì ń forúkọ wọn sílẹ̀. Iléèwé tó bá gbà ju iye yẹn lọ yóò já àwọn kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò ní kí wọ́n lọ ka ẹ̀kọ́ mìíràn, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ NMCN kò lè jókòó ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ. Owó tí wọ́n ti san ti lọ nìyẹn, gbèsè sì wà nílẹ̀. Nítorí náà, kí òbí tó san owó ìgbàwọlé, kó béèrè lọ́wọ́ iléèwé: ọmọ mélòó ni NMCN fọwọ́ sí fún yín, mélòó lẹ sì ti gbà lọ́dún yìí? Bí wọn kò bá lè dáhùn, kó gbé owó rẹ̀ padà sílé.