Wọ́n Jí Atamátàsé Gbé, Ó Ní Òun Ò Gba Owó Wọn

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa sọ pé, "Ọmọ yìí tún ti gbé bọ́ọ̀lù ẹ̀ dé." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù nìkan. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni, ará Spéìn, tí wọ́n fi ìbọn jí gbé, tí wọ́n sé mọ́ inú ihò abẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko, tó jáde tán tó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà. Látìgbà tí mo ti mọ ìtàn ọ̀hún ló ti ń ṣe mí ní kàyéfì.

Enrique Castro ni wọ́n sọ ọ́ nílé, ṣùgbọ́n Quini ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. (Bí ẹni ń sọ pé "kiní" ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ìlú Oviedo ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1949, ní agbègbè Asturias lápá òkè Spéìn, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú tí wọ́n sì ń rọ irin. Ọmọ ibi iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Kíláàbù iléeṣẹ́ irin Ensidesa ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí Sporting ti ìlú Gijón tó wá mú un lọ́dún 1968.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lọ́jà, ẹ mọ ìyá kan tó jẹ́ pé oníbàárà ò tíì la ẹnu, ìyá ti mọ ohun tó fẹ́ rà àti iye tó máa san. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Quini rí níwájú ilé ẹni ẹlẹ́ni. Kì í sáré kiri pápá bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Á dúró jẹ́jẹ́, àwọn tí ń ṣọ́ ọ á rò pé ó ti sùn. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lókè, kò tíì balẹ̀, Quini ti gbá a, gólì ti ń wo ẹ̀yìn. Bí kò bá fi ẹsẹ̀ gbá a, á fi orí kàn án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní El Brujo. Oṣó lèdè wọn ń sọ yẹn. Oṣó tí kò pa ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ, àfi gólì tó ń pa lẹ́kún.

Ní Spéìn, ẹni tí góòlù rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ nínú líìgì lọ́dún, ẹ̀bùn kan wà tí wọ́n ń fún un tí wọ́n ń pè ní Pichichi. Quini gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú líìgì àgbà: 1974, 1976, 1980, 1981 àti 1982. Gbogbo góòlù tó gbá wọlé nínú líìgì àgbà yẹn jẹ́ 219. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí 1976 yẹn, torí pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn mí. Lọ́dún tí òun fúnra rẹ̀ gbá góòlù ju gbogbo ará Spéìn lọ, ọdún yẹn gan-an ni Sporting já bọ́ sí ìsọ̀rí kejì! Ká ní ọjà ni, ó ta ọjà tirẹ̀ tán, ẹgbẹ́ jẹ gbèsè. Kò bá wọn pariwo. Ó bá wọn lọ sí ìsọ̀rí kejì, ó tún gbá góòlù ju gbogbo èèyàn ibẹ̀ lọ, wọ́n sì jọ padà sókè lọ́dún 1977. Lọ́dún 1979, kíláàbù tó ti já yìí ló ṣe ipò kejì ní gbogbo Spéìn, Real Madrid nìkan ló wà níwájú wọn.

Àwọn ará Gijón fẹ́ràn rẹ̀ torí èyí, wọ́n ní olóòótọ́ ni. Olóòótọ́ ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi kún un, kó má di pé à ń pọ́n ọkùnrin yìí ju bó ṣe yẹ lọ: òfin bọ́ọ̀lù Spéìn nígbà yẹn le koko. Bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ parí, kíláàbù lè dì í mú pé kò lọ síbì kankan. Ẹ̀yin télọ̀ àti ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ mọ ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ tán, tí kò fún un ní fíríìdọ́ọ̀mù, torí pé ọmọ náà ló ń pa owó wọlé. Irú ẹ̀ ni. Ọwọ́ ìparí ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn agbábọ́ọ̀lù dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀, kí okùn yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nígbà tí Quini fi máa wọ Barcelona lọ́dún 1980, ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Atamátàsé tó bá ti tó bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á ti máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo táyà tó ti jẹ.

Ó wá dé ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1981.

Lọ́jọ́ yẹn Barcelona na Hércules ní góòlù mẹ́fà sódo. Méjì nínú ẹ̀, ti Quini ni. Eré parí, ó fẹ́ lọ pàdé ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọn ò rí i. Àwọn tó gbé ìbọn lọ́wọ́ ti gbé e lọ.

Họ́wù! Jìnnìjìnnì bo gbogbo Spéìn. Ẹ rántí pé kò tíì ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, lọ́jọ́ 23 oṣù kejì, tí àwọn oníbọn ya wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Madrid láti gba ìjọba. Àwọn èèyàn ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, wọ́n ní torí pé Barcelona ń lé ife líìgì ni. Ẹnu ò sìn lára ọ̀rọ̀ náà. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ebi ló gbé e. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ló jókòó, tí wọ́n rò ó pé ta lèèyàn tí gbogbo ìlú lè san owó lé lórí. Wọ́n béèrè fún mílíọ̀nù 100 owó peseta.

Ibo ni wọ́n gbé e pa mọ́ sí? Ẹ̀yin bàbá mi mẹkáníìkì, ẹ má bínú sí mi o: ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni! Ní ìlú Zaragoza, tó tó 300 kìlómítà sí Barcelona. Wọ́n ní ihò lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, inú ẹ̀ ni wọ́n sé e mọ́. Lókè, ọ̀pá sípánà àti bọ́ńẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Nísàlẹ̀, ẹni tó ń gba góòlù jù ní gbogbo Spéìn, kò mọ ọ̀sán, kò mọ òru.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, àmọ́ ẹkún yìí kò jẹ́ kí Barcelona ríran. Schuster, ọmọ Jámánì tó jẹ́ ọ̀gá ẹsẹ̀ nínú wọn, sọ ọ́ gbangba pé òun ò lọ́kàn láti gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹnì kejì òun wà lọ́wọ́ ajínigbé. Wọ́n ní kí wọ́n ṣáà gbá a. Wọ́n lọ bá Atlético ní Madrid, wọ́n fìdí rẹmi. Ife tí wọ́n ń lé sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí líìgì fi máa parí, ipò karùn-ún ni wọ́n wà, Real Sociedad ló gbé ife lọ.

Báwo lọwọ́ ṣe wá tẹ̀ wọ́n? Owó náà ni. Àwọn ajínigbé ní kí wọ́n san án sí báńkì kan ní Switzerland, wọ́n rò pé àṣírí báńkì ibẹ̀ kì í tú. Ó tú o. Àwọn ará Switzerland bá ọlọ́pàá Spéìn fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta lọ síbẹ̀ láti gba owó, wọ́n gbá a mú bí ẹni mú ẹyẹlé. Òun ló ka ibi tí Quini wà. Lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kẹta, ọlọ́pàá wọlé ní Zaragoza, wọ́n sì gbé e jáde láàyè. Alẹ́ yẹn kan náà ni Spéìn na England ní góòlù méjì sí ọ̀kan ní Wembley. Ayọ̀ di méjì.

Ibi tó kàn mí lọ́kàn la dé yìí. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, Quini ní wọn ò fi ìyà jẹ òun, ó ní òun ti dárí jì wọ́n. Adájọ́ sọ wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó tún ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 peseta fún un gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú. Ó ní òun ò gbà á.

Tèmi ni pé, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àwọn kan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ọ̀dẹ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Gbèsè tí wọ́n jẹ òun nìkan ló fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n jẹ ìjọba, ìjọba gbà á pé. Àti pé ibo ni ọkùnrin mẹ́ta tí kò níṣẹ́ á ti rí mílíọ̀nù 5? Ìdílé wọn ni yóò máa san án. Àmọ́ àìníṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ kéèyàn lọ gbé ọmọ ọlọ́mọ pa mọ́. Ọ̀pọ̀ yín tó ń ka ìwé yìí ti rí oṣù tí iṣẹ́ ò wá, ẹ ò gbé ìbọn. Ohun kan tún wà tí mi ò rí ẹni tó béèrè: ìyàwó ńkọ́? Ọkọ lo oru mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ihò, ó mọ̀ pé òun wà láàyè. Ìyàwó lò ó nílé, kò mọ̀ bóyá opó lòun ti dà. Ìdáríjì ti ọkọ, ṣé ó ká ti ìyàwó mọ́ ọn?

Kẹ́ ẹ má rò pé ihò yẹn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, òun náà ló gba Pichichi lọ́dún 1981 yẹn, góòlù 20, pẹ̀lú gbogbo eré tí kò sí níbẹ̀. Lóṣù kẹfà, wọ́n gbá àṣekágbá ife ọba ní Madrid. Ta ni Barcelona bá pàdé? Sporting Gijón! Kíláàbù tó tọ́ ọ dàgbà, tí àbúrò rẹ̀ Jesús Castro jẹ́ gólì fún. Barcelona na wọ́n ní mẹ́ta sí ọ̀kan, Quini gbá méjì. Iṣẹ́ ni wọ́n gbà á fún, iṣẹ́ ló ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbá góòlù 26 nínú líìgì, ó tún gbá èyí tí Barcelona fi borí Standard Liège ti Bẹ́ljíọ̀m nínú ife ẹ̀yẹ Yúróòpù.

Fún Spéìn fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é, góòlù mẹ́jọ nínú eré 35. Èmi ò ní pa irọ́ mọ́ ọn.

Lọ́dún 1984 ó padà sí Gijón, ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn títí di 1987, ó sì dúró tì wọ́n lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú kíláàbù. Lọ́dún 1993 ni àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ gólì yẹn kó sínú òkun ní etí òkun Cantabria, láti yọ ìdílé òyìnbó kan láti Britain tí omi fẹ́ gbé lọ. Àwọn tó gbà là yè, omi gbé òun lọ. Àrùn jẹjẹrẹ náà kọlu Quini lọ́nà ọ̀fun, ó bọ́. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Gijón lọ́jọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2018, ó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Pápá El Molinón ni wọ́n ti ṣe ìsìnkú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló dé ibẹ̀. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ kún orúkọ pápá náà.

Lẹ́tà yín ni mo ń retí, pàápàá ẹ̀yin ìyàwó ilé. Ká ní ọkọ yín ni, ṣé ẹ̀ bá jẹ́ kó fi mílíọ̀nù 5 yẹn sílẹ̀?