Aago Tuntun Nínú Ọkọ̀ Ìjàpá

Iyàn kan ń lọ láàárín àwọn ará wa ní Ìpara nípa ọkọ̀ Volkswagen tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìjàpá, irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975: ó ha tọ́ kí a fi aago mìíràn kún èyí tí ó bá a wá bí?

Ọkọ̀ yìí kò ní omi. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Síbẹ̀ kò sí aago tí ń sọ bí ọ́ìlì ti gbóná tó. Iná pupa kékeré kan wà, ṣùgbọ́n kí ó tó tàn, ọ̀ràn ti bàjẹ́. Ojú wa ni ọ̀kan ṣe nọ́ọ̀kì lọ́nà Ṣágámù, ogún baba sì ni.

Nítorí náà, ẹ fi aago ọ́ìlì sí i. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ olójú dúdú tí nọ́ńbà rẹ̀ funfun, bí ti àkọ́kọ́. Èyí tí ń tàn bí iná ọjà alẹ́, àwa kò fẹ́ ẹ. Bí aago eré bá kú, kí a pààrọ̀ inú rẹ̀, kí a fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Kí a sì kọ iye ìrìn tí ó ti rìn sínú ìwé ọkọ̀, kí ẹni tí yóò rà á má baà ra arúgbó ní iye ọmọdé.