Kì í Ṣe Ọ̀lẹ Ló Fa Ebi Ọdún 2020

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní ọ̀lẹ àti ìnákùúnàá ló fa ebi tó pa wá nígbà Kòrónà. Rárá o! Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun ní ká jókòó sílé ní ìparí oṣù Kẹta, 2020, tí wọ́n sì ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí pa, ta ni aláta ọjà Odò-Ògbè nílùú wa fẹ́ tà fún? Oúnjẹ ìrànwọ́ kúkú wà: inú ilé ìkẹ́rùsí ní Ẹdẹ ni wọ́n kó o sí, títí aráàlú fi já ilẹ̀kùn lóṣù Kẹwàá. Bí àrùn mìíràn bá dé, kí ìjọba kọ́kọ́ gbé oúnjẹ dé àdúgbò, kó tó ti ọjà.

Èmi ni,
Oníṣòwò kan, Ilé-Ifẹ̀