Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì: Ta Ló Ń Gún Ìyá Yín Lábẹ́rẹ́?

Ẹ̀yin tí òbí yín wà nílé lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú wọn, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìlọrin, ẹ dákun, ẹ pe ilé lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ béèrè ẹni tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́, kí ẹ sì béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Bí wọ́n bá dáhùn pé nọ́ọ̀sì ni, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ tó lo oṣù díẹ̀ nílé ìwòsàn àdáni kan ládùúgbò, tí wọ́n ń pè ní auxiliary, nọ́ọ̀sì làwọn ará ilé ń pè é. Ẹni tó lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nílé ẹ̀kọ́, tó yege ìdánwò, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé Nursing and Midwifery Council of Nigeria, nọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ń pè é. Owó oṣù wọn yàtọ̀, ìmọ̀ wọn yàtọ̀, ewu tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lè rí kó tó dé sì yàtọ̀ gan-an. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ sì bi Council náà léèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Orí ínsúlíìnì ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí àṣìṣe lórí rẹ̀ kì í fúnni láyè. Ínsúlíìnì inú ìgò tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò lágbára púpọ̀: yúnìtì 100 ló wà nínú mílílítà kan. Bí dókítà bá ní kí wọ́n fún màmá ní yúnìtì 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà ni, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Sírínjì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ó tín-ín-rín, yúnìtì ni wọ́n sì fi sàmì sí i lára. Lọ́jọ́ tí sírínjì yẹn bá tán, tí olùtọ́jú wá mú sírínjì mílílítà méjì tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ ibà, tó sì fa oògùn dé ojú àmì mílílítà kan pẹ̀lú èrò pé òun ti fa yúnìtì 10, ìlọ́po mẹ́wàá ló fún màmá yẹn. Ìwé tí a fọwọ́ kọ pàápàá ń fa irú àṣìṣe yìí. "10U" tí a kọ pẹ̀lú ìkánjú lè dà bí 100 lójú ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò. Ẹ ní kí dókítà kọ "yúnìtì" tán pátápátá.

Nígbà tí ṣúgà ara bá já wálẹ̀, arúgbó á máa làágùn, ara á máa gbọ̀n wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn á máa dàrú, wọ́n á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á ní màmá ti sùn, kí ẹ má jí wọn, kí wọ́n sinmi. Inú oorun yẹn ni wọ́n ti ń lọ.

Ẹ tún wo èyí. Màmá kọ oúnjẹ láàárọ̀. Wọ́n ti sọ fún olùtọ́jú pé aago méje ni abẹ́rẹ́, ó sì gún un ní aago méje géérégé. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bí oúnjẹ kò bá wọlé, abẹ́rẹ́ tó wà fún oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ dúró, kó wọn ṣúgà ara, kó sì pe nọ́ọ̀sì. Gbogbo ìkìlọ̀ mi wà nínú àpẹẹrẹ kan yìí. Ọwọ́ lè kọ́ bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ ọjọ́ tí kò yẹ kí a gún un, mímọ̀ pé ara aláìsàn lónìí kò rí bíi tàná, ìpinnu yẹn jẹ́ ti nọ́ọ̀sì àti dókítà. A lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rán olùtọ́jú, a kò lè fi ìpinnu rán an. Ẹni tó sì fi iṣẹ́ rán an ṣì ni yóò dáhùn fún un.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà lókè òkun mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú yìí gan-an ni ẹ ń ṣe jẹun. Láti oṣù Kejì ọdún 2022, tí ìjọba Bìrìtìkó fi àwọn olùtọ́jú kún àwọn tó lè gba físà iṣẹ́ ìlera, títí di oṣù Keje 2025 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa mọ́ àwọn tuntun láti òkèèrè, àwọn ọmọ wa rọ́ wọ ilé ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìlànà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ sọ pé nọ́ọ̀sì tó bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe, kó máa mójú tó o, kó sì yẹ iṣẹ́ náà wò. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1987 ní olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ gba ẹ̀kọ́ tó dín sí wákàtí 75, wọ́n á sì dán an wò. Kí ló dé tí ohun tí ẹ kò jẹ́ ṣe fún ìyá òyìnbó láìkọ́ ọ ni ẹ fi lé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ́wọ́, kó máa ṣe é fún ìyá tó bí yín?

Ínsúlíìnì nìkan kọ́. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọ̀fun rẹ̀ dẹ̀, bí a bá rọ ẹ̀kọ fún un nígbà tó dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀kọ yẹn lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Rọ́bà tí wọ́n ti imú kì bọ ikùn lè yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ láìhàn síta. Nọ́ọ̀sì ló gbọ́dọ̀ kọ́ olùtọ́jú bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí oúnjẹ tó gba ibẹ̀, kí aláìsàn sì fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí sókè nígbà oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Nifedipine retard tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń lò, díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa tú nínú ara. Bí olùtọ́jú bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀kọ nítorí pé bàbá kò lè gbé e mì, gbogbo agbára rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá á sì já wálẹ̀. Àánú ló ń ṣe é tó fi fọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Egbò ìdùbúlẹ̀ ń dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí a lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé kí a wo ibi tó bá pọ́n lára. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Ọwọ́ la fi ń wá a: ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lókè ìdí, ní ìbàdí, ní gìgísẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbóná tàbí tó tutù ju àyíká rẹ̀, bó bá le tàbí tó rọ̀ jù, bó bá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀, bí aláìsàn bá ń ké nígbà tí a fọwọ́ kàn án, egbò ti ń bọ̀ lábẹ́ awọ. Wọ́n máa ń ní kí a yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ènìyàn kan ṣoṣo tó ń sùn nílé yín, tó ń dáná, tó ń fọ aṣọ, tó ń sin ọmọ ọmọ lọ sílé ìwé, báwo ló ṣe fẹ́ yí bàbá padà tọ̀sán tòru láìsí àrọ́pò? Bí egbò bá jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má pe olùtọ́jú ní ọ̀lẹ. Ẹ gba ẹnì kejì.

Ewu mìíràn ń ti ọ̀dọ̀ àwa ẹbí fúnra wa wá. Ẹ̀gbọ́n ní Houston fi WhatsApp ránṣẹ́ pé kí wọ́n dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Àbúrò ní Ìkẹjà ní kí wọ́n fi àgbo kún un. Nọ́ọ̀sì tó ń wá lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ kò gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa darí ìtọ́jú, kó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ, kí òun àti dókítà jọ máa sọ̀rọ̀, kí ẹbí sì máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ lédè tí olùtọ́jú gbọ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: iṣẹ́ tí olùtọ́jú lè dá ṣe, èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe, àti àmì tó bá rí tí yóò fi pè lóru. Arúgbó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàdédé dàrú láàárín ọjọ́ kan, àmì ìpè ni. Ó lè jẹ́ àrùn inú ìtọ̀, kì í ṣe ogbó.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ gba ilé púpọ̀ pọ̀, ẹ má fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní abẹ́rẹ́ kí ẹ sì gba owó lọ. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lójú yín lẹ́ẹ̀kan, kó tún un ṣe, kó sọ fún yín ohun tó máa ṣe bí nǹkan bá yí padà. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má gbé e fún un.

Ẹ̀yin olùtọ́jú, ẹ lè kọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gún ohun tí ẹ kò kọ́, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà ìtọ̀, ẹ sọ pé, "Ẹ máa bínú, wọn ò kọ́ mi ní èyí, ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì." Bí aláìsàn bá kú, ẹ̀yin ni wọ́n máa nàka sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló rán yín.

Bí alátọ̀gbẹ tó ń gba ínsúlíìnì bá ń làágùn tó sì ń gbọ̀n lálẹ́ òní, ẹ wọn ṣúgà ara rẹ̀. Bí kò bá tó 70 mg/dL, tó ṣì mọ ara rẹ̀, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi tí ẹ po ṣúgà sí, kí ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ìwọ̀n nílé, ẹ má dúró wá a, ẹ fún un ní ṣúgà náà. Bí kò bá dáhùn mọ́, ẹ má ro ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ pe 112, tàbí kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò ínsúlíìnì àti sírínjì tí ẹ lò dání, kí dókítà lè mọ iye tó wọlé.