Fáàfù Àlòkù Kì í Ṣe Pàǹtí, Kì í sì í Ṣe Ìbọn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ irin kékeré kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ tí a kì í kà sí: sólẹ́nọ́ìdì fáàfù, èyí tí iná mànàmáná ń ṣí.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá pààrọ̀ ẹ̀rọ, tàbí tí ó bá kógbá sílé bí Dunlop ṣe dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, irú irinṣẹ́ báyìí a máa ṣẹ́ kù. Kí ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe? Wọ́n á gbé wọn lé òṣùwọ̀n, wọ́n á tà wọ́n fún oníkọ́ńdẹ̀mù. Bàbà tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni ẹni tó rà á ń wò. Èyí kò dára lójú wa.

Wáyà bàbà tí a ká jọ ló wà nínú fáàfù yìí. Bí iná bá wọ wáyà náà, ó di òòfà, a fa irin kékeré kan sókè, afẹ́fẹ́ tàbí omi a sì kọjá. Bí iná bá kúrò, sípírìn a tì í padà, ọ̀nà a dí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti 24 fólìtì, iye kan náà tí bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń lò. Ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe pàǹtí.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fún un níṣẹ́ mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ ọ̀dà Nelson gbé ìbọn kan jáde tí òṣìṣẹ́ igbó fi ń yin ọ̀dà sára igi, tí àwọn olówó màlúù sì fi ń sàmì sí ẹran wọn. Irinṣẹ́ ni. Ní 1981, ọkùnrin 12 mú un wọ igbó ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, wọ́n ń yin ara wọn ní ọ̀dà, ó sì di eré ìdárayá. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi sólẹ́nọ́ìdì fáàfù àti bátìrì sínú rẹ̀ kí ó lè máa yìn kíákíá. Àwọn tó mọwọ́ ẹ̀rọ sì ń wá fáàfù ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, láti fi ṣe tiwọn.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa lè ṣe é, a ò ṣiyèméjì. Ní Ẹnuwá níhìn-ín, níbi tí Òkè Mògún wà, tí Ọọ̀ni ń lọ nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, ta ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé irin kan lè ṣe iṣẹ́ méjì? Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀.

Èkíní ni agbára. Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà mọ̀ pé gééjì bíréèkì afẹ́fẹ́ máa ń wà ní nǹkan bí 100 sí 120 psi. Ọ̀pọ̀ fáàfù afẹ́fẹ́ ilé-iṣẹ́ ni a ṣe fún nǹkan bí 150 psi. Ṣùgbọ́n gáàsì CO2 tí a fi ń yin ìbọn ọ̀dà tó nǹkan bí 850 psi nínú sìlíńdà rẹ̀ níbi tí kò móoru rárá. Oòrùn ọ̀sán wa á tún gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá so fáàfù 150 mọ́ gáàsì 850 láìfi régúlétọ̀ sáàárín, bí èyí tí àwọn wẹ́dà ń dè mọ́ sìlíńdà wọn, bọ́ǹbù ló gbé sọ́wọ́. Ojú lè fọ́, ọwọ́ lè já.

Èkejì ni òfin. Òfin Ìbọn ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ọlọ́pàá tó bá rí ọmọkùnrin kan lóru pẹ̀lú ohun tó jọ ìbọn kò ní dúró bèèrè bóyá ọ̀dà ló wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí fáàfù má lọ sọ́dọ̀ oníkọ́ńdẹ̀mù, kí ó má sì di ìbọn. Iṣẹ́ tó bá agbára rẹ̀ mu pọ̀: ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fokanáísà, omi oko ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó kọ́kọ́ ka ohun tí a kọ sára rẹ̀: psi mélòó, fólìtì mélòó, afẹ́fẹ́ ni àbí omi. Kọ́ìlì 24 fólìtì tí a so mọ́ iná 220 yóò jóná. Èyí tí ìkọ̀wé ara rẹ̀ ti parẹ́, ẹ má so ó mọ́ gáàsì kankan. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 pàápàá pàṣẹ pé kí a kọ agbára tí àgbá afẹ́fẹ́ lè gbà sára rẹ̀ níbi tí ojú yóò ti rí i. Ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń ro tí wọ́n fi kọ ọ́.

Àwọn ọ̀gá náà ní ẹ̀bi tiwọn. Òṣìṣẹ́ tó bá mú fáàfù kan jáde ní géètì, olè ni. Ṣùgbọ́n àwọn ń fi ọkọ̀ kó o tà ní owó pọ́ọ́kú. A fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kọ gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ rà á, kí ó sì gba rìsíìtì àti ìwé géètì. Kí àwọn aṣojú wa gbé e dé iwájú àwọn ọ̀gá ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí irin má pa wá, kí wọ́n má sì fi irin tí a lè fi jẹun ṣòfò.