Àká Omi Tí À Ń Fi Yanrìn Dí

  A gbọ́ pé àwọn kan láàárín wa ń gbèrò láti da yanrìn sí irà tó wà lẹ́yìn pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a lè kọ́ gbọ̀ngàn àjọ̀dún síbẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi gbèrò rẹ̀, a kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kí a fi irà náà sílẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Bí oṣù kẹfà àti oṣù keje bá dé, igbe omíyalé ni à ń gbọ́ láti Ajah títí wọ Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, igbe mìíràn ni: kànga ń gbẹ, omi inú òmíràn ti níyọ̀, ọkọ̀ tó ń tà omi sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyọnu méjì ni. Ìyọnu kan ṣoṣo ni, nítorí ibi tí ilẹ̀ ń kó omi òjò pamọ́ sí ni à ń bàjẹ́.

Àgbẹ̀ kì í jẹ gbogbo àgbàdo tó kórè lọ́jọ́ kan. Ó ní àká. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ṣe ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ tóóró ni, òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá. Ọ̀sà Lẹ́kí nìkan fẹ̀ tó nǹkan bí 247 kìlómítà onígun mẹ́rin, Odò Ọ̀ṣun àti Odò Ọnì sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Irà àti igbó ọ̀gọ̀rọ̀ wà láàárín. Nígbà òjò, irà a máa fa omi mu bí kànrìnkàn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún kànga.

Omi dídùn abẹ́ ilẹ̀ wa yìí léfòó lórí omi iyọ̀, nítorí pé omi òkun wúwo jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìṣirò rẹ̀: fún ẹsẹ̀ bàtà kan tí omi dídùn fi ga ju òkun lọ, nǹkan bí 40 ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí a bá fa omi títí ojú rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, omi iyọ̀ lè gòkè tó 40. Ìdí nìyí tí kànga etí òkun fi máa ń bàjẹ́ ká tó fura.

Ojú ọjọ́ ní ẹ̀bi tirẹ̀. Láti 1901, òkun ayé ti ga sókè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Bí afẹ́fẹ́ bá sì gbóná sí i ní ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì kan, ó lè gbé oruku omi tó nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún sí i, òjò á sì lè rọ̀ bí ẹni da agbada. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní òkè ọya, Adágún Chad fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ní 1963. Nígbà tó fi di àárín ọdún 1980 sí 1989, kò ku ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọ̀dá ló pọ̀ jù nínú ìdí rẹ̀, omi tí àwọn ènìyàn ń fà sí oko sì kún un. Ní 2002, Amẹ́ríkà àti Jámánì rán sátẹ́láìtì méjì sójú ọ̀run, tí wọ́n ń fi òòfà ilẹ̀ wọn bí omi ilẹ̀ ti ń pọ̀ sí tàbí ń dín kù. Wọ́n rí i pé omi abẹ́ ilẹ̀ àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ń lọ sílẹ̀ ní àwọn ọdún tí òjò kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Fífà ni wọ́n ń fà á jù.

Níhìn-ín, láti 2006 tí wọ́n ti dá agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kí sílẹ̀, títí dé 2023 tí wọ́n ṣí èbúté ńlá àti ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote, ilé ń pọ̀ sí i. A dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń rí. Ṣùgbọ́n bí a bá da yanrìn sí irà, tí a tún da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, omi òjò kò rí ibi wọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kànga ẹ̀rọ ń fa èyí tó wà nísàlẹ̀. Omi tí a lé kúrò lọ́dọ̀ wa, ilé aládùúgbò tó wà ní kòtò ni yóò wọ̀. Ṣé báyìí ni a ṣe ń fẹ́ ọmọnìkejì wa bí ara wa?

Ẹ rántí orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Àwọn Fílístínì fi erùpẹ̀ dí kànga tí àwọn ìránṣẹ́ Ábúráhámù gbẹ́, Ísáákì sì ní láti tún wọn gbẹ́. Ọ̀tá ló dí kànga Ísáákì. Àwa ni à ń sanwó fún ọkọ̀ oníyanrìn kí ó wá dí tiwa.

Kí ni kí a wá ṣe? Kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi ń gbà, kí ó tó béèrè iye owó. Kí onílé fi apá kan àgbàlá rẹ̀ sílẹ̀ fún koríko. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a gbé gbọ̀ngàn sórí ilẹ̀ gíga, tàbí kí a fi àjà kejì kún ilé tó ti wà. Kí owó yanrìn di owó gọ́tà òrùlé àti tánkì. Òjò tó ga ní milimítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan. Òrùlé tó fẹ̀ tó 500 mítà onígun mẹ́rin, bí òjò ọdún bá tó 1,500 milimítà, yóò gba 750,000 lítà. Bí ìdajì rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣòfò, èyí tó kù yóò fa ọwọ́ ẹ̀rọ sẹ́yìn lórí kànga wa.

Gbọ̀ngàn lè dúró de ọdún mìíràn. Irà tí a bá ti dí kì í padà di irà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí a dà á síwájú fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá jókòó sórí àga wa.