Ẹ Yéé Bi Wá Pé Ta Ló Rán Wa

Ẹ̀yin alága àti ẹ̀yin olórí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, láti Òṣogbo títí dé Iléṣà,

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́ yín: “Ta ló rán yín wá?”

Bí ìyá oníṣòwò bá wọ sẹkitéríàtì pé òun fẹ́ rí ìwé tí wọ́n fi pín ṣọ́ọ̀bù ọjà, akọ̀wé kì í kọ́kọ́ wo fáìlì. Ojú ìyá ló ń wò. Màmá, ta ló rán yín wá? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ wà? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Tó bá dáhùn tán, wọ́n á ní kó lọ kọ lẹ́tà. Lẹ́tà á dórí tábìlì alága, alága á ti lọ Àbújá. Ṣùgbọ́n bí ìyá yìí bá lẹ́nìkan nínú ọ́fíìsì, kí ó tó jókòó dáadáa ni fáìlì kan náà á ti jáde. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ìwé ò sọnù. Ojú ni wọ́n fi ń pín in.

Òfin Òmìnira Ìròyìn tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù lóṣù Karùn-ún ọdún 2011 ò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún akọ̀wé. Kò pọn dandan kí ẹni tó ń béèrè sọ ìdí kankan. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ní láti fèsì, wọ́n sì lè fi 7 mìíràn kún un bí iṣẹ́ bá pọ̀. Owó ẹ̀dà ìwé nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò sì fún un ní ẹ̀dà. Ọ́fíìsì tó bá fi ìwé du aráàlú láìtọ́ á san 500,000 náírà; òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò lè dín ní ọdún kan.

Àwáwí tẹ́lẹ̀ ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kàn yín. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, nínú ẹjọ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ Ẹdó: òfin náà de ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé ọdún yẹn le l'Ọ́ṣun. Àwọn olóṣèlú ń jà lórí ta ni alága ìjọba ìbílẹ̀, owó há, òṣìṣẹ́ jókòó sílé. Mi ò ní dá síjà yẹn. Àṣà “ta ló rán yín” ti wà kí ìjà tó dé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gba owó orí n'Íléṣà láyé òyìnbó á lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. J.D.Y. Peel, òyìnbó tó kọ ìwé lórí ìtàn Ìjẹ̀ṣà lọ́dún 1983, rí fáìlì ayé ìjọba amúnisìn kà. Ṣùgbọ́n níbo la ti lè rí ìwé owó ọjà tọdún tó kọjá? Ọjà, gáréèjì, orúkọ òpópónà, ìwé ìbí àti ìwé ikú, ọwọ́ yín ni òfin ilẹ̀ wa kó gbogbo rẹ̀ lé. Ẹ lẹ iye tí ẹ ń gbà lọ́jà mọ́ pátákó níwájú sẹkitéríàtì. Ẹ yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa gba ìbéèrè aráàlú, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ Òṣómàáló. Àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Lẹ́tà tèmi lórí ṣọ́ọ̀bù ọjà ń bọ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí mi ò rí èsì, òfin fún mi ní ọjọ́ 30 láti lọ sílé ẹjọ́, mo sì ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀.